Ta Ló Ń Lo Kọ̀ǹpútà Silas?

Àga náà ṣófo. Màríámù lè búra sí i. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ariwo kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà gba gbogbo òpópónà Arakale, kò sì sí ẹnì kankan lórí àga tó wà níwájú kọ̀ǹpútà kẹta. Síbẹ̀, ọfà funfun kékeré tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà ń rìn.

Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó tún rìn. Màríámù, tó ń di ìwé ètò ìsìnkú pọ̀ lórí tábìlì ẹ̀yìn, rọra gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọfà náà lọ tààrà síbi tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán àwọn olóògbé sí, ó sì ṣí ọ̀kan. Ojú bàbá arúgbó kan yọ, fìlà lórí rẹ̀. Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ó tóbi títí tí fìlà fi kúrò níbẹ̀, tí ẹnu náà kúrò, tó wá ku ẹyinjú kan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹyinjú náà dúró, ó ń wo Màríámù.

"Aúsù bílláhì!" Màríámù fò dìde, ìwé tú ká sílẹ̀. "Bàbá Jethro! Ẹ yáa máa bọ̀ o! Silas ti dé!"

Kì í ṣe pé orí Màríámù yí. Orí àga kẹta yẹn ni Silas jókòó sí fún ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìtẹ̀wé Akínsànyà. Òun ló ń to ìwé òkú, òun ló ń tún àwòrán wọn ṣe. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ibà mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ sílé lọ lo oògùn, kò sì padà wá mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ ìwé ìsìnkú rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Bàbá Jethro, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú yíǹkì lọ́wọ́. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí ọfà náà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú, wọ́n sì fa ìgò òróró àdúrà kékeré yọ lápò. Wọ́n fi òróró pa máòsì náà lórí àti nídìí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwòrán náà kéré, ó sì pa dé.

"Ó ti lọ," ni Bàbá Jethro wí, wọ́n sì nu òógùn ojú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ fún yín kí ẹ̀rù tó bà yín bó ṣe ba Màríámù. Ní wákàtí yẹn gan-an, ní ìlú Oǹdó, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún kan jókòó sétí ibùsùn ìyá àgbà rẹ̀, láptọ́ọ̀pù lórí itan. Àbàwọ́n dúdú kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá inú àwòrán yẹn, ó sì fẹ́ pa á rẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi mú ojú náà tóbi. Nígbà tó parí, ó pa á dé, ó sì lọ gbé ẹ̀kọ fún ìyá àgbà mu. Leah Ọmọ́níyì lorúkọ ọmọ náà. Òun ni wọ́n gbà sípò Silas.

Báwo ni ẹni tó wà ní Oǹdó ṣe ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó wà l'Ákùúrẹ́? Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà tó ni ilé iṣẹ́ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin méjì wà tí kì í fi ṣeré. Èkíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sínú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé òun gbọ́ sí i, nítorí wáyà kan náà ló so kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ohun tó bá wọ ọ̀kan ti wọ gbogbo wọn. Èkejì: wọn kò gbọdọ̀ tẹ ìwé òkú kankan àfi tí àkọ́bí olóògbé bá ti ka ẹ̀dà kan, tó sì fọwọ́ sí i. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe rí láàárín àwọn mọ̀lẹ́bí. Àwọn tó ti ń jẹ nínú àwo kan náà láti kékeré lè di ọ̀tá títí ayé nítorí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ lára pósítà. Nítorí náà, bí àkọ́bí bá ti fọwọ́ sí i, ó parí. Kò sẹ́ni tó tún ń kà á mọ́. Bàbá Jethro á kàn mú un látinú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lè sinmi ní Sátidé. Leah kì í parí. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá tó ti Silas. Bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ti ṣubú nílé ìwẹ̀ láti oṣù Agẹmọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa gbọ́únjẹ sílẹ̀ fún un ní òpin ọ̀sẹ̀. Dípò kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kó ṣàlàyé, ó lọ bá Ayọ̀mídé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń pè ní ògbóǹtarìgì nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé ìyẹn náà lò ń pè ní wàhálà?" Ayọ̀mídé rẹ́rìn-ín. "Áàpù kan wà. Tí mo bá fi sí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ yín, tí mo tún fi sí láptọ́ọ̀pù rẹ, wàá jókòó ní Oǹdó, wàá máa lo tọ̀hún bí ìgbà tó wà níwájú rẹ."

"Ọ̀gá ní a ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i, Brọ̀dá Ayọ̀."

"Ṣé Ọ̀gá máa rí i ni? Leah, o ti dàgbà kọjá 'Ọ̀gá ní, Ọ̀gá ní'. You too dey fear. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lò ó."

Ọ̀rọ̀ "o ti dàgbà" yẹn ló mú un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, Ayọ̀mídé wọlé, ó fi áàpù náà sí i. Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí Leah fẹ́, Leah dá orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí i, Ayọ̀mídé sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Leah bá fẹ́ lọ sí Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, á ní, "Mo ti parí o. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà mi, kí Bàbá Jethro lè rí iṣẹ́ mú níbẹ̀." Irọ́ kékeré ni lójú tirẹ̀.

Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Màríámù kò tíì jẹ́ kó gbé báàgì sílẹ̀ tó fi ròyìn ẹyinjú òkú fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Leah, ìwọ tó o ń jókòó síbẹ̀, o ò tíì rí nǹkan kan rí?"

Òótọ́ wà lẹ́nu Leah. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí òfin Ọ̀gá, ó rántí ìyá àgbà, ó sì gbé òótọ́ náà mì. "Àǹtí Màríámù," ó ní, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, "nígbà míì, tí mo bá jókòó síbẹ̀, gbogbo irun orí mi á dìde."

Ó tán. Màríámù yí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ àga kẹta mọ́, ìròyìn náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ l'Ọ́jà Ọba. Ó tẹ́ Leah lọ́rùn, nítorí kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́. Ó pe Ayọ̀mídé lórí fóònù, ó ròyìn fún un, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ pósítà ìsìnkú Pa Oyèníyì wọlé. Ọmọ Oǹdó ni bàbá náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Lọ́jọ́rú, àkọ́bí wọn, Stephen, wá láti Ìlú-Àbò níbi tó ti ń dáko. Ó fi ìka tọ gbogbo orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ sí i, ó ní, "Ó pé. Ọlọ́run á fún ẹ̀yin náà ní ọmọ tí yóò sin yín." Ó sì padà sóko.

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, òjò ṣú. Ó ṣú débi pé wọ́n tan iná. Àwọn tó kù wà lẹ́yìn, wọ́n ń kó páálí kúrò lójú òjò. Leah nìkan ló jókòó, bọ́ọ̀lì lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀pà lọ́wọ́ òsì. Ọfà funfun náà rìn.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Ó yára tú báàgì rẹ̀ wò. Láptọ́ọ̀pù wà níbẹ̀, ó kú, ó tutù. Nígbà tó gbójú sókè, ọfà náà ti ṣí iṣẹ́ Pa Oyèníyì. Ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó dé ibi orúkọ àwọn ọmọ, ó dúró síwájú orúkọ kìíní. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìkánjú, títí ohun tó wà níbẹ̀ fi di: Stephen Oyèníyì (olóògbé).

Leah tó fi ẹnu ara rẹ̀ dá Silas padà sáyé ti gbàgbé pé irọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n Silas?" ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọfà náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

Leah ju bọ́ọ̀lì nù, ó di máòsì mú, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó sì tọ́jú iṣẹ́ náà pa mọ́. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó pe Bàbá Jethro. Ṣùgbọ́n Bàbá Jethro yóò pe Ọ̀gá, Ọ̀gá yóò pe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, onítọ̀hún yóò sì rí áàpù. Ṣebí òun ti pa á rẹ́? Kí ló tún kù? Ó dìde, ó lọ bá Màríámù di ìwé pọ̀ lẹ́yìn, kò sì padà síwájú kọ̀ǹpútà náà títí wọ́n fi ṣíwọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Bàbá Jethro mú iṣẹ́ Pa Oyèníyì látinú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Wọn kò kà á. Ṣé àkọ́bí ti fọwọ́ sí i?

Ní àárọ̀ Sátidé ní Oǹdó, ìyá àgbà rán Leah lọ ra ọṣẹ ní òpópónà. Ní ìyànà kìíní, pósítà mẹ́ta wà lára ògiri, àtè wọn kò tíì gbẹ dáadáa. Ọkùnrin kan dúró síwájú wọn, bàtà òjò oko lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ orúkọ. Nígbà tí ìka náà dé orí orúkọ kìíní, ó dúró síbẹ̀, kò kúrò. Leah wo ohun tó wà níwájú ìka náà, ó sì kà á: (olóògbé). Ọkùnrin náà yíjú. Stephen Oyèníyì ni.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́," ó ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé ò ń rí mi?"

"Mo... mo ń rí yín, sà."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Nítorí láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹni tí mo bá kí ń sá ni. Ọmọ àbúrò mi rí mi, ó sọ garawa omi nù. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóko wa. Wọ́n ti ń pè mí láti àná tí wọ́n ti lẹ èyí, fóònù kò wọlé." Ó tún wo pósítà náà bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú. "Ìyá mi kà á. Ìwé kíkà kò tíì sú wọn, wọ́n fẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí. Wọ́n wà ní ọsibítù, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn kò mira."

Ó wo ojú Leah dáadáa. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wà nídìí kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti fọwọ́ sí i?"

Leah sá. Mo fẹ́ sọ pé ó dúró, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó sá wọ ẹ̀yìn ilé kan, ó sì pe Ayọ̀mídé.

"Ṣé Silas kí ọ dáadáa?" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá látọ̀dọ̀ Ayọ̀mídé. "Páásíwọ́ọ̀dù rẹ ni mo fi wọlé, mo tún yí ọfà yẹn po fún ọ, àbí o ò rí i? Mo rí i pé o pa á rẹ́, mo bá tún un kọ. Mo ní wàá tún pa á rẹ́. Eré la kàn ń ṣe."

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, Brọ̀dá Ayọ̀. Ó ti wà lára ògiri káàkiri Oǹdó. Ìyá arúgbó kan ti dákú."

Ẹ̀rín dá. Lẹ́yìn náà, fóònù kú. Nígbà tó tún pè é, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò sí lórí ìlà.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wọn pé sí ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà wà níbẹ̀, Stephen àti àgbà méjì láti ilé wọn wà níbẹ̀. Bàbá Jethro fi Bíbélì búra pé ohun tí àwọn bá nínú kọ̀ǹpútà ni àwọn tẹ̀. Ẹ̀dà tí Stephen fọwọ́ sí wà lórí tábìlì, kò sí "olóògbé" níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ tún ń wádìí?" Màríámù sọ, ó ń sunkún. "Mo ti wí. Silas ni. Ó fẹ́ mú ẹnì kan kún ara rẹ̀ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà mi orí. Ó ní tí òkú bá ń dá orúkọ alààyè kọ sáàárín òkú, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Bímbọ́lá, opó Silas, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ó dé pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n bi í pé kí ni ọkọ rẹ̀ béèrè kó tó kú tí wọn kò ṣe fún un. Wọ́n ní kó múra, kó tẹ̀ lé àwọn lọ sí ibojì rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi Stephen sílẹ̀.

Bímbọ́lá kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi. Ọkọ mi kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni nígbà tó wà láyé. Ẹ má sọ ọ́ di ibi lẹ́yìn ikú. Ọmọ rẹ̀ nìyí, orúkọ rẹ̀ ni ọmọ náà máa jẹ́."

Kò sẹ́ni tó wo Leah. Bó bá dákẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Òkú kì í jẹ́jọ́. Ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ìtìjú sì gbá a mú débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ la.

"Ẹ dìde, Àǹtí Bímbọ́lá," ó ní. "Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n Silas. Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi áàpù náà hàn wọ́n.

"Láti oṣù Agẹmọ ni ìyá àgbà rẹ ti ṣubú?" Ọ̀gbẹ́ni Akínsànyà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò sì sọ fún mi." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìyá tèmi náà ti dùbúlẹ̀ rí. Ǹ bá ti ní kó o máa lọ ní Sátidé. Ẹnu nìkan ló yẹ kó o là. Ní báyìí, Leah, mi ò lè fi òkú ọlọ́mọ sí ọ lọ́wọ́ mọ́. Kó ẹrù rẹ."

Bàbá Ayọ̀mídé fúnra rẹ̀ ló wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìdílé Oyèníyì, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun àti Leah fi gbé garawa omi àti ọ̀bẹ kiri ìlú Oǹdó, tí wọ́n ń họ pósítà kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń wò wọ́n, tí àwọn àgbà ń bi wọ́n léèrè kí ló dé.

Nígbà tí ìyá arúgbó náà kúrò ní ọsibítù, Leah lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé wọn jókòó sórí àga níta, ọwọ́ òsì wọn lórí itan, kò lágbára. Stephen jókòó tì wọ́n. Leah kúnlẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi," ni ìyá náà wí, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn. "Dìde."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ́ kù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù.

"Stephen, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, Ìyá. Ẹ wò mí."

Wọ́n mi orí, ara wọn balẹ̀. Leah kò tíì dìde tán lórí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi tún di ọwọ́ náà mú, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Stephen, ṣé ìwọ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ nìyẹn, Stephen kò sì lè padà sóko mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́ ti fi orúkọ àwọn ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ẹ má ṣílẹ̀kùn ní ìkọ̀kọ̀ síbi tí kì í ṣe tiyín, nítorí ẹ kò lè mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé yín wọlé. Bí ìṣòro bá sì dé, ẹ la ẹnu yín kí ẹ tó lo ọgbọ́n yín. Leah ti tọrọ àforíjì, wọ́n sì ti fún un. Ìyá Stephen ṣì ń béèrè.